Báwo ni òdòdó tí wọ́n kéde pé ó ti parẹ́ ṣe tún yọ nínú igbó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Leeds ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, a sì fẹ́ràn láti máa rìn nínú igbó ní òpin ọ̀sẹ̀. Mo kà á nínú ìròyìn pé ọ́kíìdì kan tí wọ́n ti kéde nígbà kan pé ó ti parẹ́ ní Bìrìtéènì tún yọjú ní 2024, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ibi tí wọ́n ti rí i. Báwo ni ohun tí wọ́n ti sọ pé ó kú ṣe tún ń yọ? Tó bá sì ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn kò kó irúgbìn rẹ̀ gbìn káàkiri kí gbogbo wa lè rí i, dípò kí wọ́n máa fi í pamọ́?

Ìdáhùn: Arábìnrin mi, ẹ ṣeun. Òdòdó tí ẹ kà nípa rẹ̀ ni èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ iwin pè, tí orúkọ Látìn rẹ̀ ń jẹ́ Epipogium aphyllum. Ọ́kíìdì iwin ni n ó máa pè é níhìn-ín. Ọdún 1854 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Bìrìtéènì, ní Herefordshire, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń yọ tí ó tún ń pamọ́. Ó lè yọ níbì kan lọ́dún kan, kí ó má sì sí ẹni tí yóò tún fojú kàn án fún ọdún mẹ́wàá tàbí ogún ọdún. Igbó igi beech tó wà lórí àwọn òkè Chiltern, ní Buckinghamshire àti Oxfordshire, wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń rí i. Wọ́n rí i níbẹ̀ ní 1986, lẹ́yìn èyí ó di àwátì. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ewéko ṣe àkójọ tuntun nípa àwọn ewéko tó wà nínú ewu ní Bìrìtéènì ní 2005, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó ti parẹ́. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹsàn-án 2009, ẹnì kan tó ti fi ìgbà ooru náà máa yípo àwọn igbó tó rò pé ó lè wà rí ẹyọ kan ṣoṣo, kékeré báyìí, ní Herefordshire níbi tí ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó tún di ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹlòmíràn tó rí òmíràn, òun sì ni ìròyìn tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ewéko Bìrìtéènì àti Ireland, tí wọ́n ń pè ní BSBI, gbé jáde ní 2024.

Apá kìn-ín-ní ìbéèrè yín ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ni yóò la ọ̀nà fún èkejì. Òdòdó náà kò kú rárá. Ìgbà díẹ̀ ni ohun tí ojú wa ń rí fi ń wà lókè ilẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ gan-an ni ilé rẹ̀. Ó ní ara kan tó dà bí atalẹ̀ tín-ín-rín tó yọ ẹ̀ka, tí ó ń gbé nínú ewé jíjẹrà tó nípọn lábẹ́ igi, tí ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìyọ ohunkóhun síta. Kò ní ewé, kò sì ní àwọ̀ tútù tí àwọn ewéko yòókù fi ń se oúnjẹ wọn láti inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, nítorí náà kò sí ohun tó ń pè é wá sókè àfi ìgbà tó bá fẹ́ tanná. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa láti ìgbà tí igi ń rúwé títí wọ inú ìgbà ooru, ó lè yọ igi òdòdó kan láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án. Àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín funfun àti ìyeyè, àmì pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ wà lára rẹ̀, àwọn tó sì ti gbóòórùn rẹ̀ sọ pé ó ń ta bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Àmọ́ ìgbín aláìníkarahun lè jẹ ẹ́ tán ní òru ọjọ́ kan kí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀, ewé tó bọ́ sílẹ̀ sì lè bò ó mọ́lẹ̀ débi pé ẹni tó dúró ní ìṣísẹ̀ méjì sí i kò ní rí i.

Ẹni tó bá ti hẹ olú rí ní abúlé kò ní ka èyí sí àrà. Ibi tí olú ọ̀gán ti wú lọ́dún tó kọjá, bí a bá débẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ gbígbẹ lásán ni a ó bá, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò torí ẹ̀ sọ pé olú ti tán ní oko náà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé olú kì í sábà já wa kulẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀, nígbà tí ọ́kíìdì iwin lè gba òjò ogún ọdún sára láìdáhùn. N kò bá àwọn tó kọ ọ́ mọ́ àwọn tó ti parẹ́ wí, nítorí àkójọ gbọ́dọ̀ ní ìlànà, ẹni tó bá sì ti wá nǹkan fún ọdún púpọ̀ láìrí i ní ẹ̀tọ́ láti kọ ohun tó bá lójú rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé bí a bá ti kéde pé ewéko kan kò sí mọ́, ẹni tó fẹ́ gé igbó tó wà kò ní rí ohun tí yóò dá a dúró, àti pé irú ewéko tó ń gbé abẹ́ ilẹ̀ yìí ni irú ìkéde bẹ́ẹ̀ máa ń ṣì mú jù lọ.

Kí ló wá ń jẹ, nígbà tí kò ní ewé? Olú ni, tàbí ká sọ pé àwọn okùn funfun tín-ín-tìn-ìn-tín tí olú máa ń nà sínú ilẹ̀. Àwọn olú tí ìdílé wọn ń jẹ́ Inocybe ni ọ́kíìdì iwin ń jẹ lára wọn jù lọ. Àwọn olú wọ̀nyí fúnra wọn so mọ́ gbòǹgbò igi: wọ́n ń bá igi fa omi àti iyọ̀ ilẹ̀, igi náà sì ń fún wọn ní ṣúgà tí ewé rẹ̀ sè nínú oòrùn lókè. Igi ni ọ́kíìdì náà ń jẹ gbẹ̀yìn, àmọ́ ọwọ́ olú ló fi ń bu oúnjẹ. Ẹ rántí pé àwọn àgbà wa ní àfòmọ́ kò légbò, gbogbo igi ni í bá tan. Ti àfòmọ́ tiẹ̀ sàn, nítorí orí igi gan-an ló jókòó sí, a sì ń rí i. Èyí tí a ń wí yìí kò kan igi rárá, ṣùgbọ́n bí a bá gé igi beech tàbí igi spruce tó wà lórí rẹ̀, olú yóò kú, òun náà yóò sì bá olú lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ibí ni apá kejì ìbéèrè yín ti bẹ̀rẹ̀. Hóró àgbàdo tàbí ẹ̀wà gbé oúnjẹ ọmọ rẹ̀ dání. Bí a bá jù ú sílẹ̀ tí ó rí omi, ó ti ní ohun tí yóò jẹ kí ewé rẹ̀ tó yọ. Irúgbìn ọ́kíìdì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kéré bí eruku, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń wà nínú èso kan, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ, kò sì sí oúnjẹ kankan nínú rẹ̀. Bí kò bá bọ́ sórí ilẹ̀ tí olú tó bá a mu wà, tí olú náà wọ inú rẹ̀ tí ó sì fún un ní oúnjẹ, kò ní hù láé. Ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ewéko ará Faransé kan, Noël Bernard, ló tú àṣírí yìí ní 1899, nígbà tó rí irúgbìn ọ́kíìdì mìíràn tí kò ní ewé, Neottia nidus-avis, tó ń hù nínú ilẹ̀ igbó, tó sì ṣàkíyèsí pé olú ti wọ inú gbogbo wọn. Kí ó tó di ìgbà yẹn, àwọn olówó Yúróòpù ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ra ọ́kíìdì láti ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n gbin irúgbìn wọn, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì hù, wọn kò sì mọ ìdí. Ní 1922, Lewis Knudson ní Amẹ́ríkà fi hàn pé a lè fi ṣúgà rọ́pò olú: ó gbin irúgbìn ọ́kíìdì sórí jẹ́lì tó ní ṣúgà nínú ìgò, wọ́n sì hù. Púpọ̀ nínú àwọn ọ́kíìdì tí ẹ ń rí lórí àtẹ ilé ìtajà ní Leeds lónìí wá láti inú ìmọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ olóoru ni ìran wọn ti wá, níbi tí wọ́n ti ń gbé orí igi bí ọ̀pọ̀ ọ́kíìdì inú igbó tiwa nílé. Àwọn ọ́kíìdì igbó Yúróòpù, inú ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì le í gbìn jù wọ́n lọ fíìfíì.

Kí ẹ lè mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń gba sùúrù tó, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ ní Yorkshire níbi tí ẹ wà. Ọ́kíìdì kan wà tí òdòdó rẹ̀ dà bí bàtà, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ wú bí àpò aláwọ̀ ìyeyè, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Jámánì sì fi bàtà obìnrin pè. Cypripedium calceolus ni orúkọ Látìn rẹ̀. Kòkòrò oyin kékeré ni yóò já bọ́ sínú bàtà náà, tí kò ní rí ọ̀nà ibi tó gbà wọlé jáde mọ́, tí yóò sì gba ẹ̀yìn há-há há-há lọ, ibẹ̀ ni yóò ti ru àtíkè òdòdó, ìyẹn eruku tí òdòdó mìíràn gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó lè so èso, sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà kan, òdòdó yìí kò ṣọ̀wọ́n ní àwọn igbó orí òkúta ẹfun ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹwà rẹ̀ ló pa á. Àwọn ènìyàn ń wú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, wọ́n ń tà á lọ́jà, àwọn olówó ń rà á sínú ọgbà wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ewéko náà sì ń tẹ̀ ẹ́ gbẹ sáàárín ìwé. Nígbà tó fi máa di 1917, wọ́n ti gbà pé ó ti tán. Lẹ́yìn náà, ní 1930, wọ́n rí ẹyọ kan ṣoṣo ní Yorkshire Dales.

Àwọn tó mọ ibẹ̀ pa ẹnu wọn mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣọ́ ewéko kan ṣoṣo yẹn bí ẹni ṣọ́ abiyamọ. Ní 1970 wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju òun nìkan lọ. Ní 1983 ni ọgbà ewéko Kew ní London bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí bí wọ́n ṣe lè fi irúgbìn gbin àwọn ọ́kíìdì inú ilẹ̀ Yúróòpù, èyí tí a ń sọ yìí sì wà lára wọn. Wọ́n rí i pé bí èso rẹ̀ bá ti gbó tán, èèpo irúgbìn á le, kò sì ní gba omi mọ́, nítorí náà àfi kí wọ́n ká èso náà nígbà tó ṣì tutù, kí wọ́n sì gbin irúgbìn rẹ̀ sórí jẹ́lì nínú òkùnkùn. Ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé àtíkè láti òdòdó kan sí èkejì. Wọ́n mú lára àwọn tó ti wà nínú ọgbà àwọn ènìyàn láti ayé àtijọ́, tí a mọ̀ pé igbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti wú wọn, kí ẹ̀jẹ̀ ewéko kan ṣoṣo má baà jẹ́ òun nìkan ni gbogbo ọmọ yóò gbé. Mo fẹ́ràn ibi yẹn nínú ìtàn náà gan-an: àwọn tí baba ńlá wọn jí òdòdó ní igbó ló tún ń fi àtíkè rẹ̀ ṣọwọ́ padà.

Ní 1989 ni wọ́n kó àwọn ọmọ ewéko àkọ́kọ́ padà sínú igbó. Ìgbín jẹ nínú wọn, ọ̀gbẹlẹ̀ pa nínú wọn. Ó di ọdún 2000 kí ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n gbìn tó yọ òdòdó. Láti ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1983, ó gba ọdún mẹ́tàdínlógún kí ojú tó rí òdòdó kan, bẹ́ẹ̀ èyí ni ọ́kíìdì tó ní ewé tirẹ̀, tó lè se oúnjẹ fúnra rẹ̀ bó bá ti dàgbà. Ọ́kíìdì iwin kò ní irú àǹfààní yẹn. Ṣúgà inú ìgò kò lè bọ́ ọ títí ayé. Olú tó wà láàyè, tó so mọ́ igi tó wà láàyè, ni yóò máa jẹ lára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá fẹ́ gbin ọ́kíìdì iwin gbọ́dọ̀ gbin igbó. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń dáwó fún iṣẹ́ yìí pé, bí owó kò bá tó nǹkan, kí wọ́n ná an sórí igbó àtijọ́ tó ṣì dúró kí wọ́n tó ná an sórí ìgò.

Ṣùgbọ́n bí mo ti ń sọ pé kí a dá igbó sí, ẹ má ṣe rò pé kí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kí a sì lọ ni mò ń wí. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Ọ́kíìdì iwin fẹ́ òjìji, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ́kíìdì igbó yòókù fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé díẹ̀. Fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, àwọn ará abúlé ní Yúróòpù máa ń gé igi kéékèèké nínú igbó ní abala-abala, fún igi ìdáná, fún èédú àti fún ọgbà, wọ́n á sì fi kùkùté rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tún rú. Abala tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé á mọ́lẹ̀ fún ọdún mélòó kan, àwọn òdòdó á tan níbẹ̀, lẹ́yìn náà igi á tún bò ó. Nígbà tí èédú ilẹ̀ àti gáàsì gba ipò igi ìdáná, ẹnikẹ́ni kò gé e mọ́, igbó dí, ilẹ̀ ṣókùnkùn. Cephalanthera rubra, ọ́kíìdì aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú kan tó kù sí ibi mẹ́ta péré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Bí igi bá ṣíji bò ó jù, ó lè wà lábẹ́ ilẹ̀ tàbí kí ó yọ ewé díẹ̀ láìtanná. Èyí tó bá sì tanná tún ní wàhálà mìíràn, nítorí kò ní oúnjẹ kankan tí yóò fún oyin. L. Anders Nilsson, onímọ̀ ará Swídìn, fi hàn ní 1983 láti inú iṣẹ́ tó ṣe ní erékùṣù Gotland pé òdòdó náà ń ṣe bí ẹni pé òun ni Campanula, òdòdó tó dà bí agogo, tí àwọn oyin kéékèèké kan fẹ́ràn: lójú àwa, pupa ni ọ̀kan, búlúù ni èkejì, ṣùgbọ́n ojú oyin kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìyàtọ̀ wọn. Tí Campanula bá ti kúrò nínú igbó nítorí òkùnkùn, kò sí oyin tí ọ́kíìdì náà yóò rí tàn jẹ.

Èyí tó yanjú jù lọ nínú gbogbo wọn, lójú tèmi, ni ti Homefield Wood ní Buckinghamshire. Orchis militaris, ọ́kíìdì ológun, ti di ohun tí a ń wá tì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí J. E. Lousley, òṣìṣẹ́ báńkì tó tún jẹ́ onímọ̀ ewéko, ṣàdédé bá a níbẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1947, lọ́jọ́ tó jáde lọ jẹun ní ìta gbangba pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó kéde pé òun rí i, ó kọ̀ láti sọ ibẹ̀. Lónìí, ibẹ̀ ti di ilẹ̀ ìpamọ́ tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀. Wọ́n ń gé igbó kéékèèké tó ń bò ó, wọ́n sì ń fi àgò wáyà bo àwọn ewéko náà kí àgbọ̀nrín má baà jẹ wọ́n. Mo ti lọ síbẹ̀ ní ìparí oṣù karùn-ún, mo sì rí òdòdó tí àwọn ènìyàn mìíràn fi gbogbo ayé wọn wá.

Ẹ óò wá rí i pé fífi nǹkan pamọ́ kì í ṣe òfin tó dúró títí. Ìgbà tí òdòdó náà bá kù ẹyọ kan tàbí méjì ni a ń pa ẹnu mọ́. Bó bá ti pọ̀, tí a sì rí ẹni tí yóò máa tọ́jú ibẹ̀, a lè ṣí i sílẹ̀. Òfin àwọn ẹranko àti ewéko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1981 ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti já, láti wú tàbí láti ta èyíkéyìí nínú àwọn mẹ́rin tí mo dárúkọ wọ̀nyí, ìyẹn ọ́kíìdì iwin, bàtà obìnrin, ológun àti Cephalanthera rubra, ṣùgbọ́n òfin kò lè dúró lẹ́sẹ̀ òdòdó ní òru. Ní Lancashire, àwọn ọlọ́pàá ti ní láti máa yọjú sí bàtà obìnrin kan ní 2010 nítorí ìbẹ̀rù àwọn olè. Olè sì nìkan kọ́. Àwọn olólùfẹ́ òdòdó tó kún fún ìfẹ́ rere, tí ogójì nínú wọn wá ya fọ́tò ní ọ̀sẹ̀ kan, yóò tẹ ilẹ̀ náà le, wọn yóò sì tẹ àwọn ọmọ ewéko tí kò tíì yọ orí pa, nítorí itòsí ìyá ni ọmọ sábà ń hù.

Ní ti ẹ̀yin àti ọkọ yín, bí ẹ bá fẹ́ rí bàtà obìnrin, ẹ má ṣe wá a nínú igbó Yorkshire. Ẹ lọ sí Gait Barrows ní Lancashire, ilẹ̀ ìpamọ́ ìjọba tí kò jìnnà sí yín, láàárín ìparí oṣù karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà. Wọ́n gbìn ín síbẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè wá wò ó. Bí ẹ bá wà nínú igbó beech tí ẹ rí òdòdó kan tí kò ní ewé, tí gbogbo ara rẹ̀ ní àwọ̀ oyin láti òkè délẹ̀, Neottia ti Bernard ni yóò jẹ́. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ kì í ṣe ti iwin, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Bó bá wá jẹ́ pé ní oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án ni, tí àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín funfun àti ìyeyè, tí ó ní àmì pupa díẹ̀, tí kò sì ga púpọ̀, ẹ dúró síbi tí ẹ wà. Ẹ pa ohun tó ń kọ ibi tí a wà sínú fọ́tò lórí fóònù yín kí ẹ tó ya á, ẹ má gbé e sórí Facebook, kí ẹ kọ̀wé sí ẹni tí BSBI yàn láti máa gba àkọsílẹ̀ ewéko fún àgbègbè náà. Kí ẹ sì gba ojú ẹsẹ̀ tí ẹ ti tẹ̀ wọlé padà jáde.